Bí A Ṣe Ń Tú Èèpo Magasíìnì Palẹ̀

Kò sí ohun kan lórí èèpo magasíìnì, ìyẹn ojú ìwé iwájú rẹ̀, tó ṣèèṣì débẹ̀. Ẹnì kan ló yàn án. Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀ nítorí pé kí n tó di olùkọ́ ní ẹ̀ka Mass Communication, iṣẹ́ títo ojú ìwé ni mò ń ṣe ní magasíìnì kan l'Ékòó. Page planner ni wọ́n ń pè wá. Màá jókòó sídìí kọ̀ǹpútà, olóòtú á dúró lẹ́yìn mi: "Fa àwòrán yẹn sókè. Yọ ọkùnrin tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ kúrò. Jẹ́ kí lẹ́tà yẹn pọ́n." Gbogbo àṣẹ yẹn ló ní ìdí, bí olóòtú ò bá tiẹ̀ sọ ìdí náà síta. Iṣẹ́ ẹni tó ń tú èèpo palẹ̀ ni kó wá ìdí wọ̀nyẹn jáde láti ara ohun tó wà níwájú rẹ̀, bí kò tilẹ̀ sí ní yàrá iṣẹ́ lọ́jọ́ náà.

Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi máa ń rò pé tíọ́rì ni gbogbo iṣẹ́ náà. Wọ́n á há orúkọ àwọn onímọ̀ sórí, wọ́n á sì dà wọ́n lé èèpo náà lórí kí wọ́n tó wò ó rárá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀. Ohun kan ṣoṣo ni mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ ọ́n ṣe dáadáa, gbogbo tíọ́rì yòókù á sì rọ̀ mọ́ ọn. Ẹ mú nǹkan kan lórí èèpo náà, ẹ fi òmíràn rọ́pò rẹ̀ lọ́kàn yín, kí ẹ wá wò ó bóyá ìtumọ̀ yí padà. Bó bá yí padà, nǹkan yẹn ń ṣiṣẹ́, ẹ kọ nípa rẹ̀. Bí kò bá yí padà, ẹ fi í sílẹ̀. Ọ̀dọ̀ àwọn onímọ̀ èdè ni ọgbọ́n yìí ti wá; bí wọ́n ṣe ń dá ìró tó ń yí ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ padà mọ̀ nìyẹn. Roland Barthes, ará Faransé, wà lára àwọn tó gbé e wọ inú ìmọ̀ àmì, ìyẹn ẹ̀kọ́ nípa bí nǹkan ṣe ń gbé ìtumọ̀, tó fi ń yẹ aṣọ, oúnjẹ àti àwòrán wò.

Ẹ kọ́kọ́ wò ó láti òkèèrè

Ẹ má tíì gbé magasíìnì náà sún mọ́ ojú. Ẹ gbé e sórí tábìlì, kí ẹ sún sẹ́yìn, kí ẹ wò ó bí ẹni tó ń kọjá lọ níwájú tábìlì fẹ́ńdọ̀. Ẹni yẹn gan-an ni wọ́n ṣe é fún. Ní Ojúẹlẹ́gba tàbí Mọ́kọ́lá, fẹ́ńdọ̀ kì í ráyè fi gbogbo èèpo hàn. Ó máa ń tẹ́ wọn léra ni, tó fi jẹ́ pé òkè àti ẹ̀gbẹ́ òsì nìkan ló ń yọ síta. Ìdí nìyẹn tí orúkọ ìwé, tí àwa oníṣẹ́ ń pè ní masthead, fi máa ń wà lókè téńté, tí àkọlé tó lè dá ènìyàn dúró sì sábà máa ń wà lápá òsì. Àwọn tó ń pé lé fẹ́ńdọ̀ lórí láàárọ̀, tí wọn ò rà, tí wọ́n kàn ń kà á lọ́fẹ̀ẹ́, èèpo nìkan ni wọ́n ń kà, àríyànjiyàn tí wọ́n sì ń ṣe níbẹ̀ kò kéré. Olóòtú tó gbọ́n mọ̀ pé àwọn wọ̀nyí náà jẹ́ òǹkàwé òun.

Ẹ kọ ohun àkọ́kọ́ tí ojú yín bà lé sílẹ̀ kí ẹ tó ronú lé e. Bí ẹ bá ti wò ó pẹ́, ẹ ò ní mọ èyí tó kọ́kọ́ pè yín mọ́.

Ẹ wo ìlà etí ìwé náà pẹ̀lú. Láti ọdún 1927 ni TIME, magasíìnì ìròyìn Amẹ́ríkà, ti ń fi ìlà pupa yí èèpo rẹ̀ ká; ti National Geographic ní àwọ̀ ìyeyè. Ẹni tó bá mọ̀ wọ́n kò nílò láti ka orúkọ. Bákan náà, bí orí ẹni tó wà nínú àwòrán bá bo lẹ́tà kan tàbí méjì nínú orúkọ ìwé náà, kì í ṣe pé ọwọ́ ẹni tó to ojú ìwé yẹ̀. Olóòtú ń sọ pé orúkọ àwọn ti gbilẹ̀, pé ẹ ó dá a mọ̀ bí apá kan rẹ̀ bá tilẹ̀ pamọ́. Magasíìnì tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń jáde kì í sábà dán irú rẹ̀ wò.

Ẹ kọ ohun tó wà níbẹ̀ sílẹ̀

Ẹ wá mú ìwé àti bírò. Ta ló wà nínú àwòrán? Ibo ni wọ́n ti gé e, ní ọrùn, ní ìbàdí, àbí wọ́n gbé e tọwọ́-tẹsẹ̀? Kí ló wọ̀? Ibo ló ń wò? Ibo ni ọwọ́ rẹ̀ wà? Ṣé kámẹ́rà ń wò ó láti ìsàlẹ̀ ni, àbí láti òkè, àbí ojú ko ojú? Ibo ni ìmọ́lẹ̀ ti ń bọ̀? Kí ló wà lẹ́yìn rẹ̀? Ẹ da gbogbo ọ̀rọ̀ tó wà lórí èèpo náà kọ pátápátá, títí dórí iye owó, ọjọ́ àti nọ́ńbà àtẹ̀jáde.

Òfin kan ni mo ṣe fún abala yìí: ẹ kò gbọdọ̀ lo ọ̀rọ̀ tó ń ṣèdájọ́. Ẹ má kọ "ó ń fi ayọ̀ rẹ́rìn-ín". Ẹ kọ "ẹnu rẹ̀ là, eyín òkè hàn". Ẹ má kọ "ó múra bí olówó". Ẹ kọ "agbádá aṣọ òkè, ìlẹ̀kẹ̀ iyùn méjì lọ́rùn". Ìpele méjì ni Barthes pín ìtumọ̀ sí. Denotation ni ohun tí ojú rí, connotation ni ohun tí ọkàn fà yọ láti ara rẹ̀. Púpọ̀ nínú iṣẹ́ tí mo ń fi bírò pupa yí ká, ìpele kejì ni akẹ́kọ̀ọ́ ti bẹ̀rẹ̀. Kò tíì sọ ohun tó rí tó fi ń sọ ohun tó túmọ̀ sí, kò sì sí ohun tí mo lè fi mọ̀ bóyá òótọ́ ló sọ.

Ojú kan, èèpo méjì

Ibi tí mo ti máa ń fi ìpààrọ̀ kọ́ni nìyí, nítorí pé àwọn oníṣẹ́ ìròyìn fúnra wọn ló ti bá wa ṣe é. Ní oṣù Kẹfà ọdún 1994, TIME àti Newsweek, magasíìnì ìròyìn Amẹ́ríkà mìíràn, gbé àwòrán kan náà síwájú ìwé ní ọ̀sẹ̀ kan náà. Ọjọ́ 27 oṣù náà ló wà lára àtẹ̀jáde méjèèjì. Àwòrán O.J. Simpson ni, gbajúmọ̀ agbábọ́ọ̀lù irú ti Amẹ́ríkà (American football) tó tún di òṣèré. Ọlọ́pàá Los Angeles ló ya àwòrán náà nígbà tí wọ́n mú un lórí ẹ̀sùn pé ó pa ìyàwó rẹ̀ tẹ́lẹ̀, Nicole Brown Simpson, àti Ronald Goldman. Newsweek tẹ àwòrán náà bó ṣe wà. TIME gbé tirẹ̀ fún ayàwòrán kan tó ń jẹ́ Matt Mahurin. Nígbà tí Mahurin ṣe é tán, àwọ̀ ara Simpson ti dúdú ju bí kámẹ́rà ọlọ́pàá ṣe yà á lọ, òjìji ti yí i ká, nọ́ńbà ọlọ́pàá tó wà láyà rẹ̀ sì ti kéré sí i.

Bí méjèèjì ṣe bọ́ sórí tábìlì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, ẹni tí kò ka tíọ́rì kankan rí náà rí ìyàtọ̀ wọn. Àwọn ẹgbẹ́ tó ń jà fún ẹ̀tọ́ adúláwọ̀, NAACP lára wọn, fi ẹ̀hónú hàn, olóòtú TIME sì ní láti ṣàlàyé pé kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀yà ló wà lọ́kàn àwọn.

Ẹ má jẹ́ kí a dá ọkàn olóòtú lẹ́jọ́. A ò lè rí inú rẹ̀. Èèpo ni ká wò. Ojú kan náà ni, irùngbọ̀n kan náà, ẹ̀wù kan náà, ìwò kan náà. Ìmọ́lẹ̀ ló yí padà jù. Nítorí náà, bí ẹni tó wà lórí TIME bá dà bí ẹni tó burú ju ẹni tó wà lórí Newsweek lọ, ara òkùnkùn yẹn ni ìwà burúkú náà ti wá jù. Òkùnkùn yẹn kò sì lè ṣiṣẹ́ bẹ́ẹ̀ bí kò bá jẹ́ pé òǹkàwé ti gbà tẹ́lẹ̀, láìmọ̀, pé ẹni tó bá dúdú jù ló yẹ ká bẹ̀rù jù. Ilé ẹjọ́ kò tíì jókòó nígbà yẹn. Oṣù Kẹwàá ọdún 1995 ni àwọn adájọ́ aráàlú tó gbọ́ ẹjọ́ náà ní kò jẹ̀bi.

Ṣùgbọ́n ẹ ka ọ̀rọ̀ tí wọ́n kọ sára àwòrán náà. Newsweek kọ "Trail of Blood", ìyẹn ipa ẹ̀jẹ̀. TIME kọ "An American Tragedy", àjálù tó dé bá Amẹ́ríkà. Ẹ rí i? Ìwé tí àwòrán rẹ̀ kò ní àbùkù ló ní ọ̀rọ̀ tó le, ìwé tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ kẹ́dùn ló ní àwòrán tó dẹ́rù bani. Ní ọdún 1964, Barthes ṣàlàyé pé àwòrán máa ń ní ìtumọ̀ púpọ̀ tó ń léfòó, pé ọ̀rọ̀ tí a kọ sí i ló ń so ọ̀kan mọ́lẹ̀. Anchorage ló pè é, bí ìgbà tí ìdákọ̀ró bá so ọkọ̀ mọ́ ojú kan. Ẹ gbé "Trail of Blood" lọ sórí èèpo TIME, ẹ gbé "An American Tragedy" wá sórí ti Newsweek, kí ẹ tún wò wọ́n. Lójú tèmi, TIME á wá di ìwé tó ti dájọ́ ikú fún ọkùnrin náà, Newsweek á sì di ìwé tó ń bá a kẹ́dùn. Ẹ̀yin náà ẹ dán an wò. Ìdáhùn yín lè yàtọ̀ sí tèmi, ṣùgbọ́n ẹ gbọ́dọ̀ lè sọ ohun tó fà á.

Ó ku nǹkan kan tí ìwé ẹ̀kọ́ kì í sọ. Ẹ̀rọ ìtẹ̀wé náà lè mú kí ojú dúdú jù bó ṣe yẹ. Àwọ̀ mẹ́rin ni a fi ń tẹ àwòrán: búlúù, pupa rẹ́súrẹ́sú, ìyeyè àti dúdú. Bí bébà bá ń fa yíǹkì mu jù, tàbí tí ẹni tó wà nídìí ẹ̀rọ ní Ṣómólú bá da dúdú sí i jù, ojú adúláwọ̀ á kàn di bíríkítí dúdú kan ṣá, a ò ní rí ìlà ẹnu mọ́. Bẹ́ẹ̀ náà ni fíìmù kámẹ́rà ayé àtijọ́: àwòrán obìnrin aláwọ̀ funfun ni Kodak fi ń ṣe òṣùwọ̀n àwọ̀ fún àwọn ilé ìfọwòrán. Nítorí náà, kí ẹ tó fi ẹ̀sùn kan ẹnikẹ́ni, ẹ wo ohun mìíràn tó wà lórí èèpo yẹn kan náà. Bí ohun gbogbo bá ṣókùnkùn, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ yíǹkì. Bó bá jẹ́ pé ojú ènìyàn nìkan ló ṣókùnkùn, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé ẹnì kan ló ṣe é. Ti TIME yẹn kò ní iyèméjì nínú. Ayàwòrán ni wọ́n gbé iṣẹ́ náà fún.

Ojú àti gíga kámẹ́rà

Gunther Kress àti Theo van Leeuwen kọ̀wé lórí kíka àwòrán ní ọdún 1996, wọ́n sì ya oríṣi ìwò méjì sọ́tọ̀. Ẹni tó bá tẹjú mọ́ òǹkàwé ń bèèrè nǹkan lọ́wọ́ rẹ̀: rà mí, fẹ́ràn mi, bẹ̀rù mi, ṣàánú mi. Ẹni tó bá wo ibòmíràn fi ara rẹ̀ sílẹ̀ kí a máa wò ó. Wọ́n tún sọ pé bí kámẹ́rà bá wà nísàlẹ̀ tó ń wòkè, ẹni tó wà nínú àwòrán ló ní agbára; bó bá wà lókè, àwa òǹkàwé ni.

Ó dára, ẹ lò ó. Ṣùgbọ́n ẹ rántí ilé tí wọ́n ti tọ́ yín. Ọmọ Yorùbá tó bá tẹjú mọ́ àgbà nígbà tí àgbà ń bá a wí, ẹ mọ ohun tí wọ́n máa ń sọ sí i. Nígbà tí ọ̀dọ́ olórin bá wá tẹjú mọ́ gbogbo wa láti orí èèpo, ìwò yẹn ń bèèrè nǹkan nítòótọ́, ó sì tún ń sọ pé òun kò sí lábẹ́ àṣẹ ẹnikẹ́ni mọ́. Òǹkàwé tí kò mọ àṣà yìí kò ní gbọ́ apá kejì yẹn. Àgbà tàbí ọba tó jókòó, tó kọjú síwájú gbọọrọ, ọwọ́ méjèèjì lórí orúnkún, ẹsẹ̀ méjèèjì hàn, kò bèèrè ohunkóhun lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Bí a ṣe ń ya àgbà ní ilé fọ́tò látijọ́ nìyẹn, iyì ló wà nínú rẹ̀. Ìlànà Kress àti van Leeuwen kò bá ibẹ̀ lọ dáadáa, mo sì fẹ́ kí ẹ kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ nínú iṣẹ́ yín. Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá fi àpẹẹrẹ tòótọ́ hàn mí pé tíọ́rì kan kò dé ibì kan, òun ni mo máa ń fún ní máàkì tó pọ̀ jù.

Nígbà tí èèpo bá sọ ìtàn orílẹ̀-èdè

Àpẹẹrẹ tí ẹ ó bá pàdé nínú gbogbo ìwé ẹ̀kọ́ ni èèpo Paris Match, magasíìnì ilẹ̀ Faransé, ti ìparí oṣù Kẹfà ọdún 1955. Barthes sọ nípa rẹ̀ nínú ìwé Mythologies tó jáde ní 1957. Ó ní òun wà ní ìsọ̀ onígbàjámọ̀ nígbà tí wọ́n na ìwé náà sí òun. Ọmọ adúláwọ̀ kan ló wà lórí rẹ̀, ó wọ aṣọ ológun Faransé, ó gbé ọwọ́ sórí bí ológun ṣe ń kí, ojú rẹ̀ wòkè. Barthes ní ó jọ pé àsíá Faransé ni ọmọ náà ń wò. Ìpele kìíní nìyẹn. Ìpele kejì ni pé Faransé jẹ́ ìjọba ńlá, pé gbogbo ọmọ rẹ̀, dúdú àti funfun, ló ń fi òtítọ́ sìn ín, àti pé kò sí èsì tó dára ju ìtara ọmọ yìí lọ fún àwọn tó ń sọ pé amúnisìn ni.

Ohun tí Barthes pè ní myth nìyẹn: ìtàn tí àwọn alágbára hun, tí a wá ń wò bí ohun tí Ọlọ́run dá bẹ́ẹ̀. Ẹ wo ọdún náà kí ẹ lè mọ ìdí tí wọ́n fi nílò ìtàn yẹn. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 1954, wọ́n ṣẹ́gun Faransé ní Dien Bien Phu ní ilẹ̀ Vietnam. Ní oṣù Kọkànlá ọdún yẹn kan náà, ogun òmìnira bẹ̀rẹ̀ ní Algeria. Ìjọba tí ilẹ̀ àjèjì ń bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ ló nílò ọmọdé tó ń kí àsíá.

Ẹ pààrọ̀ ọmọ náà. Ẹ fi ọmọ Faransé aláwọ̀ funfun, ọjọ́ orí kan náà, sí ipò rẹ̀. Àwòrán náà á di ti ọmọdé tó ń kọ́ iṣẹ́ ológun, ó parí. Ẹ fi àgbàlagbà ológun adúláwọ̀ tó ní àpá ogun lójú sí i. Ẹ ó bẹ̀rẹ̀ sí bèèrè ibi tó ti jà àti ohun tí wọ́n san án. Nítorí náà, àwọ̀ ara rẹ̀ àti kíkéré rẹ̀ ló gbé ìtàn náà dúró. Ẹ tún wo àsíá: kò sí nínú àwòrán rárá. Ojú ọmọ náà ló mú kí Barthes rí i. Ẹ máa kọ ohun tí kò sí níbẹ̀ sílẹ̀ pẹ̀lú.

Ọ̀rọ̀ kékeré tí wọ́n tẹ̀ sórí èèpo náà sọ pé ọmọ yìí wá láti Ouagadougou (ní Burkina Faso òní) pẹ̀lú àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ fún eré tí ológun Faransé fẹ́ ṣe ní Palais des Sports ní Paris. Eré ni wọ́n gbé e wá ṣe. Àwa Yorùbá kò gbọdọ̀ ka èèpo yìí bí ọ̀rọ̀ àwọn ẹlòmíràn, nítorí pé abẹ́ àsíá yẹn kan náà ni àwọn ará wa ní Kétu àti Sàkétè wà nígbà náà, nítorí Dahomey, tí a ń pè ní Benin lónìí, jẹ́ ara ilẹ̀ tí Faransé ń ṣàkóso ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà.

Bí ẹ bá fẹ́ dán an wò fúnra yín, ẹ wá èèpo méjì ti The Economist, magasíìnì ìròyìn tó ń jáde ní London. Àkọ́kọ́ ni ti ọjọ́ 13 oṣù Karùn-ún ọdún 2000. Dúdú ni gbogbo ẹ̀yìn rẹ̀, wọ́n gé àwòrán sí ìrísí ilẹ̀ Áfíríkà, nínú ìrísí náà ni ọ̀dọ́kùnrin kan wà tó gbé ohun ìjà ńlá sí èjìká. Wọ́n kọ "The hopeless continent" sí i, ilẹ̀ tí kò ní ìrètí. Ogun Sierra Leone ló gba iwájú ìròyìn lọ́sẹ̀ náà. Èkejì ni ti ọjọ́ 3 oṣù Kejìlá ọdún 2011, "Africa rising": ọmọdékùnrin kan ń sáré nínú pápá, ó ń fi okùn fa káìtì aláràbarà tó ní ìrísí Áfíríkà.

Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ á tètè sọ pé èkíní burú, èkejì dára. Mo ní kí wọ́n pààrọ̀ ilẹ̀ náà. Ní ọdún 1999, ọdún kan péré ṣáájú èèpo àkọ́kọ́, ogun ń jà ní Kosovo, ní ilẹ̀ Yúróòpù. Ẹ ya gbogbo Yúróòpù, láti Portugal dé Finland, ẹ fi ológun Kosovo kan sínú rẹ̀, kí ẹ kọ "ilẹ̀ tí kò ní ìrètí" sí i. Kò sẹ́ni tó máa gbà á. Wọ́n á ní kí ni Portugal ní í ṣe pẹ̀lú Kosovo. Nígbà tí ìpààrọ̀ bá kọ̀ láti ṣe é ṣe báyìí, ìdí myth lẹ dé yẹn. Ẹ padà sórí èèpo káìtì, ẹ ó rí i pé ohun kan náà ló wà níbẹ̀: orílẹ̀-èdè tó lé ní àádọ́ta ṣì wà nínú ara kan ṣoṣo, ẹni tó dúró fún wọn ṣì jẹ́ ẹni tí a kò mọ orúkọ rẹ̀, ó sì wá di ọmọdé. Àwọ̀ yí padà, ìrísí dúró. Mo fẹ́ràn káìtì ju ìbọn lọ, ṣùgbọ́n mi ò gbà pé ọ̀rọ̀ ti tán.

Ta ló ń kà á?

Stuart Hall, tí wọ́n bí ní Jamaica, tó ṣiṣẹ́ ní Birmingham, ló kọ́ wa ní 1973 pé ìtumọ̀ kì í parí lọ́wọ́ ẹni tó ṣe ìròyìn. Òǹkàwé lè gbà á bí wọ́n ṣe fẹ́ kó gbà á, ó lè gba apá kan kó kọ apá kan, ó sì lè lòdì sí i pátápátá. Ẹ má kàn kọ ọ̀nà mẹ́ta yìí sílẹ̀ lásán. Ẹ sọ ẹni tó ń kà á. Oníṣòwò ní London tó fẹ́ fi owó sí ilẹ̀ Áfíríkà lè wo káìtì yẹn kó rí èrè. Ọmọ Nàìjíríà tó wà ní London kan náà lè yọ̀ pé wọ́n ti gbà wá nígbà yìí, kí inú rẹ̀ sì tún ru nítorí ọmọdé tí wọ́n fi ṣe àpẹẹrẹ wa. Ẹni tó rántí èèpo ọdún 2000 lè sọ fún The Economist pé ẹnu yín kọ́ ló yẹ kó sọ bóyá a ń gòkè tàbí a ń sọ̀kalẹ̀.

Ẹ bèèrè ẹni tó ni ín pẹ̀lú, iye tí wọ́n ń tà á, àti ẹni tó sanwó ìpolówó ẹ̀yìn ìwé. Dele Momodu dá Ovation sílẹ̀ ní London ní 1996 nígbà tó sá kúrò nílé lásìkò Abacha. Magasíìnì ayẹyẹ àti àwọn gbajúmọ̀ ni. Bí a bá rí tọkọtìyàwó lórí irú ìwé bẹ́ẹ̀, ìbéèrè wa yàtọ̀ sí èyí tí a máa bi TELL, tó bẹ̀rẹ̀ ní 1991, tó sì bá ìjọba ológun ìgbà náà fa wàhálà.

Àwòrán obìnrin

Laura Mulvey ni gbogbo ènìyàn máa ń dárúkọ níbí: ní 1975 ó sọ pé kámẹ́rà máa ń wo obìnrin bí ẹni pé ọkùnrin ló mú kámẹ́rà náà lọ́wọ́. Fíìmù Hollywood ló ń sọ̀rọ̀ lé lórí. Bí ẹ bá fẹ́ gbé e wá sórí magasíìnì tí obìnrin ń rà, ẹ gbọ́dọ̀ ṣàlàyé bí ojú ọkùnrin ṣe dé inú ìwé tí ọkùnrin kì í kà. Erving Goffman, onímọ̀ nípa àwùjọ, wúlò fún mi jù ú lọ níbi èèpo, nítorí pé ó wo ara: ìwé rẹ̀ ti 1979 fi hàn bí àwọn ìpolówó ṣe máa ń jẹ́ kí obìnrin tẹ orí sí ẹ̀gbẹ́, kí orúnkún rẹ̀ kan tẹ̀, kí ọwọ́ rẹ̀ kàn fara kan nǹkan fẹ́rẹ́ láì dì í mú. Ẹ fi ọkùnrin sí ipò kan náà, aṣọ olówó iyebíye lọ́rùn rẹ̀. Bó bá di ohun ẹ̀rín, ẹ ti rí ohun tí Goffman rí.

Ṣùgbọ́n ìkúnlẹ̀! Goffman á rí obìnrin tó kúnlẹ̀ lórí èèpo ìgbéyàwó, á sì ní wọ́n rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀. Àwa mọ̀ pé ọkọ ìyàwó ti dọ̀bálẹ̀ gbalaja tòun tàwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ níwájú àwọn àna rẹ̀ lọ́jọ́ kan náà. Ìbéèrè tó yẹ ká bi èèpo náà ni ìdí tó fi jẹ́ pé nínú méjèèjì, ìkúnlẹ̀ ló yàn. Tíọ́rì ìṣègbèfábo (feminism) á ràn yín lọ́wọ́ láti dáhùn, bí ẹ bá ti lè fi àwòrán méjì sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn.

Kíkọ ọ́ sílẹ̀

Ẹ má to iṣẹ́ yín bí àwọn onímọ̀ ṣe tò nínú ìwé, Barthes, Hall, Mulvey, kí ẹ wá parí. Ẹ to ó ní ìbámu pẹ̀lú ohun tó lágbára jù lórí èèpo náà. Ìpínrọ̀ kan nìyí, kí ẹ lè rí bó ṣe máa ń rí:

"Àwọ̀ ara Simpson lórí TIME dúdú ju ti orí Newsweek lọ, bẹ́ẹ̀ àwòrán ọlọ́pàá kan náà ni méjèèjì lò. Nítorí pé ìmọ́lẹ̀ ni ohun tó yàtọ̀ jù nínú àwòrán méjèèjì, òun ló gbé ìtumọ̀ ewu wọ inú àwòrán náà. Àkọlé tó ń kẹ́dùn gbìyànjú láti so ìtumọ̀ mìíràn mọ́ ọn, ṣùgbọ́n àwòrán ni ènìyàn kọ́kọ́ ń rí láti òkèèrè. Òǹkàwé tó ti mọ bí wọ́n ṣe máa ń fi adúláwọ̀ hàn bí ọ̀daràn lè kọ ìtumọ̀ yìí, bí NAACP ṣe kọ̀ ọ́."

Ẹ wò ó bí mi ò ṣe dárúkọ Barthes tàbí Hall, síbẹ̀ iṣẹ́ àwọn méjèèjì wà nínú rẹ̀. Bó bá jẹ́ ìdánwò ni, ẹ dárúkọ wọn, olùdánwò fẹ́ rí i. Ẹ má sì kọ "pupa túmọ̀ sí ewu" láéláé. Pupa lórí TIME, etí ìwé ni. Funfun lára ẹni tó ń bọ Ọbàtálá àti funfun lára nọ́ọ̀sì kò sọ ohun kan náà. Ẹ fi àwọ̀ mìíràn rọ́pò rẹ̀ lórí èèpo tó wà níwájú yín, kí ẹ tó sọ ohun tó túmọ̀ sí.

Ní ti ibi tí ẹ ti máa rí èèpo, TIME ti kó gbogbo tirẹ̀ láti 1923 sórí íntánẹ́ẹ̀tì. Bí ẹ bá fẹ́ ti Yorùbá, ẹ bi àwọn òbí yín bóyá wọ́n ṣì ní Atọ́ka nínú àpótí, magasíìnì tó ń fi fọ́tò sọ eré àwọn ẹgbẹ́ òṣèré tó ń rìn kiri láti òpin àwọn ọdún 1960. Àwọn tó ti tú u palẹ̀ kò pọ̀, mo sì fẹ́ rí i kí ẹnì kan ṣe é dáadáa. Fún ìgbà àkọ́kọ́, ẹ má mú èèpo kan ṣoṣo. Ẹ mú méjì tó sọ̀rọ̀ lórí ìṣẹ̀lẹ̀ kan náà ní ọ̀sẹ̀ kan náà, ẹ tẹ́ wọn sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, kí ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ohun tó yàtọ̀ nínú wọn.